Twin Reverb ọdún 1971 lórí tábìlì mi

Ọjọ́ Ajé

Fender Twin Reverb, áńpù tó ń gbé ohùn gìtá sókè, ni wọ́n gbé wá, irú èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ fàdákà tí lẹ́tà ara rẹ̀ sì jẹ́ búlúù. Ó súnmọ́ ọgbọ̀n kílò, èèyàn méjì ló pawọ́ pọ̀ gbé e sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ẹgbẹ́ jùjú kan ní Abẹ́òkúta ló ni ín. Bàbá tó jẹ́ olórí wọn ló ń ta gìtá tó ṣáájú, ọ̀dọ́kùnrin kan ló ń ta gìtá kejì, òun náà ló tẹ̀ lé ẹrù wá sí Ìbàdàn.

Mo ní kó ka ẹ̀sùn sílẹ̀, mo sì kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́: "Reverb ti kú. Vibrato ti kú. Ó ń kùn. Bí a bá yí Volume, ó ń ha. Ohùn rẹ̀ ò já gaara mọ́, ó ti tín-ín-rín. Bí Bàbá bá sì fẹ́ kọrin, iná máa ń gbé wọn ní ètè." (Reverb ló ń jẹ́ kí ohùn máa padà bí ẹni wà nínú gbọ̀ngàn ńlá, Vibrato ló ń mú ohùn mì.) Mi ò kì í fọwọ́ kan súkúrúù kankan kí n tó kọ irú nǹkan báyìí sílẹ̀. Nọ́ọ̀bù mọ́kànlá ló wà lójú áńpù yìí, yàtọ̀ sí àwọn swíìṣì. Ohun tí olórin ń pè ní "ó ti kú" lè má ju pé kò sẹ́ni tó yí nǹkan kan síbi tó yẹ.

Nọ́ńbà ara tírànsífọ́mà ńlá ni mo fi mọ ọjọ́ orí rẹ̀: 606138. 606 ni àmì Schumacher, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe tírànsífọ́mà fún Fender nígbà náà. 1 tó tẹ̀ lé e ni ọdún, 38 ni ọ̀sẹ̀. Kò lè jẹ́ 1961, torí 1963 ni Twin Reverb àkọ́kọ́ jáde. 1971 ni. Wọ́ọ̀tì 85 ni agbára rẹ̀, fáàfù 6L6GC mẹ́rin (fáàfù ni ìgò gíláàsì tó ń gbé agbára ohùn sókè) ló ń ti sípíkà, fáàfù kéékèèké mẹ́fà ló wà níwájú wọn, sípíkà onínṣì 12 méjì sì ni. Kò ní Master Volume, nọ́ọ̀bù kan tó ń darí ariwo gbogbo áńpù, èyí tí wọ́n fi sára àwọn tó jáde lẹ́yìn rẹ̀.

Iná tó ń gbé Bàbá ní ètè ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Gbogbo yòókù lè dúró, ìyẹn ò lè dúró.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, fún iná fóòtì 117. Ẹgbẹ́ yìí ń fi àpótí tó ń já iná NEPA wálẹ̀ sí 110 lò ó. Wáyà iná tó wà lára rẹ̀, ẹlẹ́nu méjì ni, kò ní ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà kẹta tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Lẹ́yìn áńpù, swíìṣì kékeré kan wà tí wọ́n kọ Ground sí lára, kàpásítọ̀ kan, ohun kékeré tó ń tọ́jú iná, ló sì so ó mọ́ irin ara áńpù. Láyé ìgbà yẹn, wọ́n ṣe é kí olórin lè yí i síbi tí ìkùn bá ti kéré jù. Àmọ́ bó bá bọ́ sí apá tí iná wà, iná díẹ̀ á máa gba inú kàpásítọ̀ yẹn bọ́ sára irin, á ti ibẹ̀ bọ́ sí okùn gìtá. Makirofóònù tiwọn sì wà lórí míkísà tó ní ẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ Bàbá wà lára okùn, ẹnu wọn kan makirofóònù, ara wọn di wáyà láàárín méjèèjì. Ọjọ́ tí kàpásítọ̀ bá jó pọ̀, kì í ṣe ètè nìkan ló máa gbé.

Mo yọ kàpásítọ̀ náà. Mo fi swíìṣì sílẹ̀ bí ẹ̀ṣọ́ lásán, kò so mọ́ nǹkan kan mọ́. Mo fi wáyà onímẹ́ta sí i, mo sì fi nọ́ọ̀tì tirẹ̀ ọ̀tọ̀ de ẹ́ẹ̀tì mọ́ irin. Àpótí tó ń já iná wálẹ̀ náà kò gbẹ́yìn: sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò méjì ló ní, bó o bá tún ní wáyà onímẹ́ta, ẹ́ẹ̀tì á kú síbẹ̀. A ra òmíràn tó ní ihò mẹ́ta, tó lè gbé wọ́ọ̀tì 500, mo sì fi mítà wò ó láti ara irin áńpù títí dé ara ẹnu pulọ́ọ̀gì tó ń wọ ògiri. Má gba ohun tí ọlọ́jà bá sọ fún ọ gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti tú àpótí kan rí tó jẹ́ pé ihò kẹta rẹ̀ kò so mọ́ ohunkóhun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ìkùn. Àwọn kàpásítọ̀ ńlá tó wà lábẹ́ ìdérí irin lórí áńpù ni, àwọn tó bá a wá láti 1971. Méjì jẹ́ 70 µF, wọ́n tò wọ́n tẹ̀ léra, mẹ́ta jẹ́ 20 µF. Ọ̀kan ti tu omi sí ìdí. Mo pààrọ̀ gbogbo wọn pẹ̀lú àwọn tuntun tí wọ́n bá mi rà wá láti London.

Ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ yìí, jọ̀wọ́ má ṣí ibẹ̀. Ó lé ní fóòtì 400 tó ń wà nínú àwọn kàpásítọ̀ yẹn, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ pulọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Resistor ni mo fi ń fa iná náà kúrò díẹ̀díẹ̀, mítà ni mo fi ń jẹ́rìí sí i pé ó ti di òfo, kí ìka mi tó wọ ibẹ̀.

Nípa fáàfù ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: lára àwọn ojú fàdákà ìgbà yìí, nọ́ọ̀bù kékeré inú wọn kàn ń pín iná dọ́gba sáàárín apá méjì ni, kò lè gbé e sókè tàbí rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Mo tún un ṣe kó máa ṣiṣẹ́ bíi ti àwọn ojú dúdú tó ṣáájú. Lórí fóòtì 110, mo rí bí fóòtì 430 lára fáàfù, mo fi kọ̀ọ̀kan sí 36 mA, ìyẹn bíi wọ́ọ̀tì 15 ààbọ̀ nínú 30 tó lè gbà. Tírànsífọ́mà tí wọ́n ṣe fún iná oní-60 Hz máa ń gbóná sí i lórí 50 Hz tiwa, ìdí nìyí tí 110 fi tẹ́ mi lọ́rùn ju 120 lọ.

Àwọn nọ́ọ̀bù tó ń ha, omi ìfọ̀ ni mo fọ́n sínú wọn, mo yí wọn síwá sẹ́yìn. Kò gba àkókò.

Ọjọ́bọ̀

Reverb. Kí n tó tú nǹkan kan, mo tan áńpù, mo gbé nọ́ọ̀bù Reverb sí 5, mo sì fi ọwọ́ gbá àpótí nísàlẹ̀. Ààrá sán nínú sípíkà. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn. Nínú báàgì dúdú tó wà nísàlẹ̀ àpótí, irin gígùn kan wà tí sípíríǹgì na nínú rẹ̀. Fáàfù kan ló ń gbọn sípíríǹgì láti ẹnu kan, ohun kékeré kan ló ń gba ìró rẹ̀ lẹ́nu kejì, fáàfù mìíràn sì ń gbé e padà sínú ohùn. Bí àpótí bá sán ààrá nígbà tó o gbá a, ẹnu kejì ń ṣiṣẹ́, àìsàn wà lọ́nà tó ń wọlé ni.

Ọ̀nà yẹn kò gùn. Mo fi mítà wo ẹnu tó ń wọlé lára sípíríǹgì, ó fún mi ní bíi óòmù kan (óòmù ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà), bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn (ẹnu kejì máa ń tó 200). Mo wo wáyà tó lọ síbẹ̀: inú rẹ̀ ti já ní ìdí pulọ́ọ̀gì, àwọ̀ rẹ̀ lásán ló gbá a mú. Mo fi sọ́dà jó pulọ́ọ̀gì tuntun mọ́ ọn. Reverb ti dé.

Vibrato rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì bàjẹ́ rí. Mo bi ọ̀dọ́kùnrin náà pé, "Pẹ́dà rẹ̀ dà?" Ó ní òun ò mọ̀ pé ó ní pẹ́dà. Áńpù yìí wá pẹ̀lú bọ́tìnnì ẹsẹ̀ kan tó ní bọ́tìnnì méjì, wáyà rẹ̀ méjèèjì ń wọ ihò kéékèèké lẹ́yìn, ọ̀kan fún Reverb, ọ̀kan fún Vibrato. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì ò jọra. Reverb ń ṣiṣẹ́ bí kò bá tilẹ̀ sí pẹ́dà, ńṣe ni pẹ́dà ń pa á. Vibrato ní tirẹ̀ kì í jí àfi bí pẹ́dà bá so ihò yẹn mọ́lẹ̀. Bí pẹ́dà bá ti sọnù, yí Speed àti Intensity títí ilẹ̀ á fi ṣú, o ò ní gbọ́ nǹkan kan. Mo mú pulọ́ọ̀gì RCA kan, mo fi sọ́dà so àárín rẹ̀ mọ́ etí rẹ̀, mo tì í bọ ihò Vibrato. Ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè, ó ń lọ sódò.

Nínú rẹ̀, gílóòbù kékeré kan ń tàn, ó ń kú, nǹkan kan tó ń mọ ìmọ́lẹ̀ sì dojú kọ ọ́, á máa dín ohùn kù, á sì máa tú u sílẹ̀. Bó ṣe ń kíyè sí ìmọ́lẹ̀ ni ohùn ń mì. Speed ni bó ṣe yára tó, Intensity ni bó ṣe jìn tó. Bí Intensity bá wà ní 1, Vibrato kò sí, ohun yòówù tí pẹ́dà ń ṣe.

Ọjọ́ Ẹtì

Gbogbo nǹkan ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀sùn kan ló kù: ohùn tín-ín-rín tí kò já gaara. Mo tún gbogbo fáàfù wò, mo wo sípíkà méjèèjì, mi ò rí ẹ̀bi. Mo wá ní kí ọ̀dọ́kùnrin náà mú gìtá rẹ̀, kó tò ó bí wọ́n ṣe ń tò ó lóde eré.

Ọ̀nà méjì ni gìtá lè gbà wọlé lójú áńpù yìí, Normal àti Vibrato, ihò méjì sì wà lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ́kùnrin náà kó gìtá sí ihò 1 ti Vibrato, ó wá mú wáyà kékeré kan, ó fi so ihò 2 ibẹ̀ mọ́ ihò 1 ti Normal. Ó ní òun rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé báyìí ni ohùn ṣe ń nípọn.

Lára áńpù mìíràn, òótọ́ ni. Lára èyí, ó ń pa ohùn ni. Ọ̀nà Vibrato gba inú ìpele fáàfù kan ju ti Normal lọ, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ń yí ohùn padà sí òdì. Nígbà tí ọ̀nà méjèèjì bá pàdé, bí ọ̀kan ṣe ń tì ni èkejì ń fà. Gìtá kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì, wọ́n ń jẹ ara wọn. Mo yọ wáyà kékeré náà. Inú yàrá kún lójú ẹsẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ fún Bàbá o."

Gìtá méjì tó yàtọ̀ lè jókòó sórí ọ̀nà méjèèjì láìsí wàhálà. Bàbá á wà lórí Vibrato torí pé ibẹ̀ nìkan ni Reverb ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin náà á wà lórí Normal.

Ihò méjì lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan kò dọ́gba. Ihò 1 ni gìtá. Ihò 2 dín agbára tó ń wọlé kù sí ìdajì, ibẹ̀ ni kéèyàn máa fi nǹkan tó ń ké jù sí, bíi gìtá tó ní bátìrì nínú. Bí o bá fi gìtá tó dákẹ́ jẹ́jẹ́ sí ihò 2, ó máa ṣe ọ́ bíi pé áńpù ti rẹ̀. Bí nǹkan méjì bá wà nínú ihò méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì ló máa rẹlẹ̀.

Bí mo ṣe ń kọ́ èèyàn ní nọ́ọ̀bù ohùn nìyí. Yí Treble, Middle àti Bass sí 1, kí Volume wà ní 4, kó o ta gìtá. Áńpù máa dákẹ́ pátápátá, tàbí kó kù díẹ̀ kó dákẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin náà rò pé mo ti ba nǹkan jẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kó rí nìyẹn: àwọn nọ́ọ̀bù mẹ́ta yìí kì í fi nǹkan kan kún ohùn, gígé ni wọ́n ń gé. Bí o bá gbé Treble sí 10, ńṣe lo kàn ní kó má gé e. Láti inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, gbé ọ̀kan sókè lẹ́ẹ̀kan, kó o gbọ́ ohun tí ó mú wá.

Wọ́n tún máa ń gbọ́ ti ara wọn. Bí Treble bá ga, Middle àti Bass kì í ní agbára púpọ̀ mọ́. Bí Treble bá rẹlẹ̀, ìgbà náà ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí ìlànà "Bass 7, Middle 3, Treble 7" tí gbogbo ayé ń gbà fi ń mú kí gìtá dùn nínú yàrá, kó sì sọnù lóde. Bí gbogbo nọ́ọ̀bù bá wà ní àárín, Fender yìí ti gbẹ́ àárín ohùn jáde fúnra rẹ̀, ní bí 400 sí 500 Hz. Bí o bá wá ohùn tó tẹ́jú jù lọ tó ní, Bass 2, Middle 10, Treble 2 ni. Inú yàrá, ó máa dún bí ẹni pé kò ní adùn. Láàárín ìlù, ó máa ń yọ.

Fún jùjú, Middle ni mo fọkàn sí jù. Láti ìgbà tí Àyìndé Bákàrè ti fi ẹ̀rọ gbé gìtá sókè ní 1949 ni jùjú ti ráyè kó ìlù pọ̀ sí i, torí pé ìlù ò lè bo gìtá mọ́lẹ̀ mọ́. Àmọ́ gìtá tó bá gbẹ́ àárín rẹ̀ dànù tún ti padà sábẹ́ ìlù, ká tiẹ̀ gbé Volume dé ibi tó bá wù wá. Gìtá méjì tí wọ́n ń hun ara wọn pọ̀ gbọ́dọ̀ yàtọ̀ létí: mo fi gìtá kejì sí Bass 3, Middle 7, Treble 4, Bright ní pípa. Ti Bàbá, Bass 3, Middle 6, Treble 6.

Bright. Swíìṣì kékeré ni, kàpásítọ̀ 120 pF kan ló wà nínú rẹ̀, tó ń jẹ́ kí ohùn òkè fo Volume kọjá. Bí Volume bá ṣe kéré tó ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń hàn tó. Ní 2, ó ń ta létí. Ní 10, kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá tan Bright nígbà ìdánwò tí Volume rẹlẹ̀, tó sì gbé Volume sókè nígbà tí èrò dé, á máa ṣe kàyéfì ibi tí dídán ohùn òun lọ. Mo máa ń pa á kí n tó fọwọ́ kan Treble, kí n má bàa máa bá nǹkan méjì jà lẹ́ẹ̀kan.

Ti Volume, mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni bínú sí mi. Láti 1 dé 4 tàbí 5 ni áńpù yìí ti ń fún ọ ní èyí tó pọ̀ jù nínú ariwo tó ní. Lẹ́yìn ìyẹn, ńṣe ló ń fọ́ ohùn, kì í fi bẹ́ẹ̀ ga sí i. Òde tó bá tóbi, gbé makirofóònù síwájú sípíkà, kó lọ sí ẹ̀rọ ńlá.

Kí wọ́n sì lo ẹsẹ̀ irin méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń jẹ́ kó fẹ̀yìn tì. Ohùn òkè sípíkà onínṣì 12 kì í tàn káàkiri, ọ̀kánkán ló ń lọ. Bí áńpù bá wà nílẹ̀ lẹ́yìn orókún olórin, òun fúnra rẹ̀ kì í gbọ́ Treble, á gbé e sókè, ẹni tó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán níwájú ló máa jìyà rẹ̀. Bó bá fẹ̀yìn tì, tó dojú kọ orí rẹ̀, ohun tó ń gbọ́ á sún mọ́ ohun tí èrò ń gbọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Bàbá fúnra wọn dé. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Injiníà."

"Ẹ kú ọ̀nà, Bàbá. Ẹ jókòó, ẹ ta gìtá yín."

Mo ní kí wọ́n tan Power, kí wọ́n dúró bí ìdajì ìṣẹ́jú, kí wọ́n tó tan Standby. Iná Power máa kọ́kọ́ mú fáàfù gbóná. Standby ló ń tú fóòtì ńlá sílẹ̀. Nígbà ìsinmi láàárín eré, Standby ni kí wọ́n pa, kì í ṣe Power. Fáàfù á wà ní gbígbóná, áńpù á dákẹ́, orin á sì padà lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n ta gìtá pẹ́. Wọ́n gbé ẹnu sún mọ́ makirofóònù tí mo so mọ́ míkísà kékeré mi, wọ́n fà sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n tún sún mọ́ ọn. Iná ò gbé wọn. Wọ́n gbé Reverb sí 6. Mo ní 3 ló tó fún ìta gbangba. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwọ tún áńpù ṣe, èmi ni mò ń ta gìtá." A fi sí 4.

Wọ́n wá béèrè bóyá àwọn lè so àpótí sípíkà mìíràn mọ́ ihò External lẹ́yìn. Ẹ lè so ó, mo ní, bó bá jẹ́ óòmù 4. Sípíkà méjì inú rẹ̀ jẹ́ óòmù 8 kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n tò pọ̀ di 4. Bí ẹ bá fi 4 mìíràn sí i, ó di 2. Tírànsífọ́mà yìí lè gbé e, àmọ́ agbára kò ní pọ̀ sí i bí ẹ ṣe rò, ohùn á kàn fẹ̀ sí i. Nǹkan tí kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kí wọ́n tú wáyà sípíkà inú kúrò ní ihò tirẹ̀, kí wọ́n wá fi ti ìta sí External nìkan. Ihò sípíkà inú yẹn máa ń so ara rẹ̀ pọ̀ tí kò bá sí nǹkan nínú rẹ̀, kí tírànsífọ́mà má bàa ṣiṣẹ́ lórí òfo. Ohùn kò ní jáde níbì kankan, wọ́n á sì tún gbé e padà wá sọ́dọ̀ mi pé ó ti kú.

Mo kọ ipò gbogbo nọ́ọ̀bù sórí páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ẹ̀yìn àpótí. Pẹ́dà ló kù. Pulọ́ọ̀gì tí mo fi dí ihò Vibrato wà níbẹ̀ títí n ó fi ṣe bọ́tìnnì ẹsẹ̀ tuntun: àpótí irin kékeré kan, swíìṣì méjì, wáyà tó gùn tó mítà mẹ́rin àti pulọ́ọ̀gì RCA méjì. Ọmọkùnrin yẹn ló máa wá gbé e lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.